Ọ̀dà ara ilé ń bó, ògiri ń dúdú: kí ni ká ṣe kí òjò tó tún dé?

OníléÌkòròdú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn lórí ọ̀dà ara ilé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Ìkòròdú níbí, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi yanrìn àti sìmẹ́ǹtì rẹ́, ẹmọ́ṣọ̀n ni wọ́n sì fi kùn ún. Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n kùn ún tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń rí rèé. Lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ògiri ti dúdú láti abẹ́ fèrèsé òkè wálẹ̀, àwọn ibì kan sì ti yọ àwọ̀ ewé. Iwájú ilé ló kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀ yòò nígbà tí wọ́n kùn ún ti ṣá pátápátá. Ní ìdí ògiri, láti ilẹ̀ dé orúnkún, ọ̀dà ń wú. Bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á fọ́, ìyẹ̀fun funfun á sì dà jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Akunlé kan ti wá wò ó. Ó ní ká fi texcote, ọ̀dà tó nípọn tí ojú rẹ̀ máa ń rí ṣákaṣàka, bo gbogbo rẹ̀, pé fún ọdún mẹ́wàá a ò ní gbúròó nǹkan kan mọ́. Owó tó pè kì í ṣe owó kékeré. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà parí kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé texcote lè bo èyí mọ́lẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí o.

AkunléMọ́kọ́lá:

Ẹ kú ilé o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára ògiri yín, oògùn kan ṣoṣo kò lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Dúdú àti àwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé, ohun ẹlẹ́mìí ni. Èbu ni, àti àwọn ewéko wínníwínní tí ojú lásán kò lè dá mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó tutù tí oòrùn kì í dé ni wọ́n ń fẹ́. Bí ẹ bá kun ọ̀dà lé wọn lórí láì kọ́kọ́ pa wọ́n, wọ́n á hù gba inú ọ̀dà tuntun jáde. Ti àwọ̀ tó ṣá níwájú ilé, oòrùn ló jẹ ẹ́, òun ló rọrùn jù láti tún ṣe.

Ti ìdí ògiri yẹn ni ọ̀gá wọn. Ìyẹ̀fun funfun tí ẹ rí, iyọ̀ tó wà nínú sìmẹ́ǹtì, nínú yanrìn àti nínú ilẹ̀ ni. Omi ló yọ́ ọ, omi náà ló gbé e wá síta. Bí omi bá gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́, iyọ̀ á ṣẹ́kù sẹ́yìn ọ̀dà, á máa pọ̀ sí i títí á fi ti ọ̀dà kúrò lára ògiri. Ẹ ò rí i pé ọ̀dà kọ́ ló jẹ̀bi? Omi wà nínú ògiri yín. Ẹni tó ní kí ẹ fi texcote bò ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ dáhùn àwọn wọ̀nyí fún mi. Ṣé gọ́tà wà létí òrùlé? Kí ló wà nínú ilé lẹ́yìn ògiri tó ń wú yẹn, ilé ìwẹ̀ àbí pálọ̀? Ṣé ilẹ̀ ìta ti ga ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n kọ́ ilé lọ?

Ohun kan tún wà tí ẹ lè ṣe lónìí láì náwó. Ẹ gé ọ̀rá tó ṣeé wò gba inú rẹ̀, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45 ní ìbú àti ní òró. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó kéré tán wákàtí 16. Bí ẹ bá ṣí i tí omi wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ tó kọjú síta nìkan ló tutù, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lásán ni. Ẹ ṣe é nísàlẹ̀, kí ẹ tún ṣe é lókè, kí ẹ lè fi wọ́n wéra.

OníléÌkòròdú:

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Gọ́tà kò sí létí òrùlé rárá. Ilé ìwẹ̀ ló wà lẹ́yìn apá kan ògiri náà, ṣùgbọ́n ibi tó ń wú ju ìyẹn lọ, ó yí ilé po. Ní ti ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ wá, wọ́n da á sí àyíká ilé kí wọ́n tó to interlock, àwọn bíríkì tí wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá, torí omi máa ń dúró sí àgbàlá tẹ́lẹ̀. Ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa.

BíríkìlàẸ̀pẹ́:

Ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé, lẹ́yìn ìpìlẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tẹ́ DPC, ìyẹn ọ̀rá líle tàbí kọnkéré tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè sínú búlọ́ọ̀kù. Ó yẹ kó ga ju ilẹ̀ ìta lọ tó sẹ̀ǹtímítà 15. Nígbà tí ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ dà sí ìdí ogiri, tí ẹ sì to interlock lé e, ilẹ̀ ti fo DPC kọjá. Bó bá wà níbẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, torí pílásítà tó wà níta ń fa omi láti ara iyẹ̀pẹ̀, ó sì ń gbé e gba orí DPC lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n gbé àgbàlá rẹ̀ sókè lọ́nà yìí ní Èkó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò dá nìkan wà.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú interlock tó fara kan ògiri, kí wọ́n gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ilé po títí yóò fi lọ sílẹ̀ ju DPC lọ. Kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ kòtò náà sì dagun kí omi lè ṣàn kúrò lára ilé. Òkúta wẹ́wẹ́ yẹn tún ní àǹfààní kejì: òjò tó bá já bọ́ láti etí òrùlé kò ní ta ẹrẹ̀ pupa sára ògiri mọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi ṣísẹ́lì àti òòlù họ pílásítà tó ti mu iyọ̀ kúrò, kí wọ́n sì kọjá ibi tí ọ̀rinrin dé ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Iyọ̀ tó wà lórí búlọ́ọ̀kù, búrọ́ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá a kúrò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi á tún yọ́ ọ padà sínú ni. Ẹ jẹ́ kí ògiri wà ní ìhòòhò fún ìgbà díẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kó lè gbẹ, kí ẹ tó tún un rẹ́. Yanrìn tí ẹ máa fi rẹ́ ẹ, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti fọ̀. Yanrìn etí òkun tí kò rí omi mímọ́ rí, iyọ̀ ni ẹ tún ń kó wọlé yẹn.

Ti ilé ìwẹ̀, ẹ pe púlọ́ńbà kó wò ó. Páìpù tó ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú ògiri kì í gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ibẹ̀ bá ṣì tutù nínú oṣù Kínní, páìpù ni.

ÌyáSùúrùlérè:

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí dúdú tó wà lẹ́yìn ilé, torí mo ti fojú rí i dáadáa, ilé tiwa náà wà láàárín ilé méjì tí oòrùn kì í wọ àárín wọn.

Bílíìṣì ni a fi ń pa á, èyí tí gbogbo wa ń fi fọ aṣọ funfun. Ife kan bílíìṣì sí ife mẹ́ta omi. Ẹ dà á sínú ìgò tí a fi ń fín nǹkan tàbí ike tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín oògùn, kí ẹ fi omi lásán rin gbogbo ewébẹ̀ àti òdòdó tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò wọ́n. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa fín in lọ sókè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, yóò ṣàn wálẹ̀ sórí ibi gbígbẹ, ipa rẹ̀ á sì máa hàn níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ óò rí i tí dúdú náà á máa di ràkọ̀ràkọ̀ lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ṣì líle fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi omi púpọ̀ ṣàn án láti òkè wá sílẹ̀. Ibi tó bá ṣì dúdú, ẹ tún un ṣe.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ fi gíláàsì bo ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyàwó ilé tó ń kà á, ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá tàbí ohunkóhun tó ní amóníà nínú. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn.

AkunléMọ́kọ́lá:

Ìyá wa, ẹ ṣeun, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un. Àwọn kan máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi wá, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Ó dára, bó bá jìnnà sí ògiri. Bí wọ́n bá sún ẹnu rẹ̀ mọ́ ògiri, á lu pílásítà tó ti rẹ̀ já, á sì rọ omi sínú gbogbo ibi tó sán. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ fún ògiri ní ọjọ́ díẹ̀ tí oòrùn ń ràn kó tó rí ọ̀dà.

OníléÌkòròdú, ẹ tún lọ wo abẹ́ fèrèsé òkè yẹn fún mi. Ẹ wò ó bóyá dúdú náà nípọn jù ní igun méjèèjì fèrèsé, tó wá gùn wálẹ̀ láti ibẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, omi òjò tó ń dúró sórí ìdí fèrèsé ló ń rọra ṣàn wálẹ̀ sára ògiri. Ó yẹ kí ìdí fèrèsé yọ síta díẹ̀, kí ìlà kékeré sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí omi á dé tí á já bọ́ sílẹ̀, dípò kó yí pádà wọ ara ògiri. Bíríkìlà lè gé ìlà náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí hóòdù (ìbòrí fèrèsé) àti orí párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú tó yí òrùlé po. Omi tó ń kán láti ara éèsì ńkọ́? Ẹ so rọ́bà mọ́ ọn kó gbé omi náà dé ilẹ̀.

OníléÌkòròdú:

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ẹ̀yìn ilé ni. Igun méjèèjì ni lóòótọ́! Ìlà dúdú méjì méjì lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. Kò sí ìlà kankan lábẹ́ ìdí fèrèsé, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni.

Ọ̀rá tí mo lẹ̀ náà: tìsàlẹ̀ kún fún omi lójú tó kọjú sí ògiri, tòkè gbẹ.

Ó kù ti ọ̀dà fúnra rẹ̀. Irú èwo ni kí n rà? Ọjà kún fún oríṣiríṣi.

Ọlọ́dàMushin:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń ta á dá sí i.

Ọ̀dà ní ohun mẹ́rin nínú: omi (tàbí epo), gọ́ọ̀mù tó ń dì í mú, àwọ̀, àti ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n fi ń mú un pọ̀. Gọ́ọ̀mù àti funfun tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, ìyẹn titanium dioxide, ni ó wọ́n. Ìyẹ̀fun òkúta ni ó pọ́ọ́kú. Garawa tí owó rẹ̀ bá kéré ju ti ẹlòmíì lọ jìnnà, ìyẹ̀fun ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ óò kùn ún, á funfun, inú yín á dùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ fọwọ́ ra ògiri, àtẹ́lẹwọ́ yín á funfun. Gọ́ọ̀mù tí kò tó ti jẹ́ kí ìyẹ̀fun tú sílẹ̀ nìyẹn. Fún ìta ilé, ẹ béèrè ẹmọ́ṣọ̀n ti ìta, èyí tí wọ́n kọ acrylic sí lára, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé oògùn tí kì í jẹ́ kí èbu hù wà nínú rẹ̀. Ti inú ilé kì í sábà ní oògùn yẹn, bó ti wù kó dára tó.

Ní ti àwọ̀: pupa àti yẹ́lò tó ń dán yòò, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ àlùkò, oòrùn kì í pẹ́ jẹ wọ́n. Èyí tó bá jẹ́ láti ara ìpẹtà irin ni ó ń pẹ́: pupa bíi ti ilẹ̀, yẹ́lò ràkọ̀ràkọ̀, búráùn, àwọ̀ eérú. Funfun àti àwọ̀ tó fẹ́ẹ́rẹ́ tún máa ń dá oòrùn padà, ilé á sì tutù díẹ̀. Àwọ̀ tó dúdú níwájú ilé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ògiri á máa gbóná lọ́sàn-án, òjò á dé lójijì á tù ú. Bó ṣe ń fẹ̀ tó tún ń súnkì bẹ́ẹ̀ ni yóò fi máa sán.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà elépo kun ìdí ògiri yín nítorí pé ó ń dán, ó sì ṣeé nù. Mo mọ̀ pé àwọn ilé púpọ̀ ló ní búráùn elépo nísàlẹ̀, ní Ìbàdàn àti níbi gbogbo. Lórí ògiri gbígbẹ, kò burú. Lórí ògiri tó ń mu omi, kò ní jẹ́ kí omi rọ́nà jáde, á sì wú. Bí pílásítà bá tún jẹ́ tuntun, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń po omi eérú mọ́ epo kó tó di ọṣẹ. Agbára tó wà nínú omi eérú yẹn náà ló wà nínú sìmẹ́ǹtì tútù. Ọ̀dà elépo tó bá fara kàn án á di ọṣẹ lára ògiri, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, á sì bó.

Nítorí náà, ibi tí bíríkìlà bá tún rẹ́, ẹ dúró ó kéré tán ọjọ́ 28 kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, tí agbára sìmẹ́ǹtì kò lè jẹ sí i. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ỌmọHouston:

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, ẹ̀yin ará ilé. Houston ni mo wà, ní Texas. Ní ìgbà ooru, ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ níbí náà bíi ti Èkó, àwọn ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ níta sì wà níbí, stucco ni wọ́n ń pè é. Mo kà gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó ṣe mí láǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà níhìn-ín tí ẹ fẹ́ fi ohun tí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí sọ ṣiṣẹ́, ẹ fara balẹ̀, torí ohun tó wà lẹ́yìn pílásítà yàtọ̀.

Níbí, igi ni egungun ilé púpọ̀. Wọ́n ta bébà tí omi kì í wọ̀ mọ́ igi, wọ́n kan wáyà sí i, wọ́n wá rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e lórí ní ìpele mẹ́ta. Omi díẹ̀ máa ń gba inú sìmẹ́ǹtì wọlé, bébà á dá a dúró, omi á sì ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn pílásítà. Nísàlẹ̀ pátápátá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ihò wà níbẹ̀ fún omi láti jáde. Akunlé tí kò mọ̀ á rí ihò yẹn, á rò pé ibi tó là ni, á fi gọ́ọ̀mù dí i, á kun ọ̀dà bò ó. Omi á há sínú, igi á jẹrà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi fìka ti ògiri tó sì máa wọlé. Ẹ má dí i láé.

Wọ́n tún ń ta ọ̀dà kan tó nípọn, tó ń nà bíi rọ́bà, elastomeric. Ó ń bo àwọn ibi tó sán wínníwínní dáadáa, ó sì ń lé òjò. Bí ilé bá gbẹ, ó dára púpọ̀. Bí omi bá ti wà lẹ́yìn ògiri, ṣe ni yóò tì í mọ́bẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ texcote tí ẹ ń sọ yẹn jọ èyí.

Ẹ tún rántí pé nínú ilé tí éèsì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ooru ìta ló ń ti ọ̀rinrin wọnú ilé. Bébà ògiri oníke tí wọ́n bá lẹ̀ sínú yàrá, èbu á hù lẹ́yìn rẹ̀ láì sí ẹni tó mọ̀.

ÌyáSùúrùlérè:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún texcote díẹ̀ o, torí ó dà bíi pé gbogbo yín ń bá a jà. Ògiri iwájú ilé wa, texcote ni, ó ti pẹ́ gan-an níbẹ̀, kò bó. Ó bo gbogbo ibi tí bíríkìlà kò rẹ́ dáadáa, èyí tí ẹmọ́ṣọ̀n kò lè bò. Èèyàn lè máa fi owó rẹ̀ ra ohun tó wù ú.

AkunléMọ́kọ́lá:

Ìyá wa, mi ò bá texcote jà, mo máa ń fi ṣiṣẹ́. Iwájú ilé yín gbẹ, oòrùn ń ràn án, òrùlé yín ṣeé ṣe kó yọ síta dáadáa. Ibẹ̀ ni texcote ti ń ṣe bẹbẹ. Ohun tí mo sọ ni pé lórí ògiri tó ń mu omi láti ìdí, tàbí lábẹ́ párápẹ́ẹ̀tì tó ń jò, kì í bó díẹ̀díẹ̀ bí ẹmọ́ṣọ̀n. Odindi abala ló ń já bọ́, tòun ti pílásítà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó rí ṣákaṣàka tún máa ń gba eruku ọyẹ́ mọ́ra. Bí òjò bá rin eruku yẹn, èbu rí oúnjẹ nìyẹn. Ní ẹ̀yìn ilé tí oòrùn kì í dé, ẹmọ́ṣọ̀n tó tẹ́jú ni màá kùn, torí ó ṣeé fọ̀ lọ́dọọdún.

ÌyáSùúrùlérè:

Ìyẹn yé mi. Etí òrùlé wa níwájú yọ síta lóòótọ́. Ẹ̀yìn la fi ẹmọ́ṣọ̀n kùn, ibẹ̀ ni mo sì ti ń fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

ÀgùdàÈkó:

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé àtijọ́ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ yín lẹ ní ilé ìdílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Abẹ́òkúta tàbí Porto-Novo.

Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló kọ́ wa ní pílásítà oníṣẹ́ ọnà, àwọn òdòdó àti ìgbátí orí fèrèsé yẹn. Ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tàbí Ilé Omi ti ìdílé da Rocha ní òpópónà Kakawa, tàbí Mọ́ṣáláṣí Ńlá ti Porto-Novo tí àwọ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ní ayé ìgbà náà, láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ni wọ́n sábà máa ń kùn sára irú ògiri bẹ́ẹ̀. Láìmù máa ń jẹ́ kí ògiri mí: omi tó bá wọlé á tún bá a jáde. Bó ṣe ń gbẹ, ó ń gba afẹ́fẹ́ èéfín carbon dioxide padà, á sì di òkúta tín-ín-rín lára ògiri. Agbára tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tuntun kì í jẹ́ kí èbu tètè hù. Bó bá ṣá, wọ́n á tún un kùn, owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ó ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ọmọ ìdílé tó fi owó ńlá rẹ́ sìmẹ́ǹtì líle lé ògiri amọ̀ àtijọ́, tó tún fi ọ̀dà elépo bò ó. Amọ̀ á máa rin lábẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò dé. Ògiri tó ti dúró láti ayé àwọn baba ńlá wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n á ní ilé ti gbó, wọ́n á wó o. Bí ilé ìdílé yín bá jẹ́ amọ̀ tàbí bíríkì àtijọ́, ẹ má fi nǹkan tí kò lè mí bò ó.

Bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má fi sánpépà ha ọ̀dà elépo àtijọ́ ní gbígbẹ. Òjé lè wà nínú rẹ̀, eruku rẹ̀ sì burú fún ọpọlọ àwọn ọmọdé. Ẹ rin ín lómi kí ẹ tó ha á, kí ẹ kó gbogbo èérún rẹ̀ dànù.

OníléÌkòròdú:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè méjì ló kù. Ògiri sán láwọn ibì kan, èyí tó gùn jù bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé ìsàlẹ̀, ó sì dagun wá sílẹ̀. Ṣé pọ́tì tó o? Èkejì, oṣù wo ló dára jù láti kùn ún?

BíríkìlàẸ̀pẹ́:

Àwọn tó sán wínníwínní bí òwú, tí èékánná kò lè wọ̀, práímà àti ọ̀dà tó nípọn á bò wọ́n. Èyí tí èékánná bá wọ̀, ẹ fi ìṣó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè gba nǹkan, ẹ gbọn eruku inú rẹ̀ kúrò, ẹ fi pọ́tì ti ìta dí i. Pọ́tì inú ilé kò lè gba òjò, á yọ́ ni.

Èyí tó ti igun fèrèsé dagun wálẹ̀ yẹn ni kí ẹ má fojú kékeré wò. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ níbi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún oṣù díẹ̀. Bó bá ń fẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ máa rọ̀ lápá kan. Onímọ̀ ẹ̀rọ ilé ni kó wá wò ó kí akunlé tó dé. Omi tó ń dà láti òrùlé tí kò ní gọ́tà sí ojú kan náà lè wà lára ohun tó ń rọ ilẹ̀ ibẹ̀.

AkunléMọ́kọ́lá:

Ti oṣù: láti ìdajì oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì ni màá mú ní Ìkòròdú. Ìsinmi òjò tó máa ń wà nínú oṣù Kẹjọ ń tan àwọn èèyàn jẹ, ojú ọjọ́ á gbẹ, inú ògiri kò ní tíì gbẹ. Bí ọyẹ́ bá le, ẹ fi búrọ́ṣì gbá eruku kúrò lára ògiri láràárọ̀, kí ẹ tún nù ún, torí ọ̀dà tí ẹ bá kùn sórí eruku, eruku ló di mú.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ akunlé ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ máa sá fún oòrùn bí ẹ ti ń kùn. Iwájú ilé yín tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, àárọ̀ ni kí wọ́n kùn ún, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ. Apá ìlà oòrùn, ọ̀sán ni. Bí ògiri bá gbóná débi pé àtẹ́lẹwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, kò tíì yẹ ní kíkùn. Ìdí rẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù inú ẹmọ́ṣọ̀n dà bíi hóró wínníwínní tó léfòó nínú omi. Bí omi bá ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún mọ́ra tí wọ́n ń so pọ̀. Lórí ògiri gbígbóná, omi á ti fò lọ kí wọ́n tó so, ọ̀dà á dà bí ẹni pé ó gbẹ, ṣùgbọ́n kò di ara rẹ̀ mú. Ibi tí rólà ti pàdé rólà á sì máa hàn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣíwọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ọ̀dà lè gbẹ kí ìrì tó sẹ̀. Bí ìrì tàbí òjò wẹ́wẹ́ bá bá a ní tútù, ẹ lè jí rí omi búráùn tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó ṣàn wálẹ̀ lára ògiri bí ipa ìgbín. Kì í ṣe pé ọ̀dà bàjẹ́. Ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà ló jáde. Ẹ fi omi lásán ṣàn án kúrò kíá. Láàárín ìpele àkọ́kọ́ àti ìkejì, wákàtí mẹ́rin tí wọ́n kọ sára garawa, ojú ọjọ́ tó gbẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí afẹ́fẹ́ bá tutù, ẹ fi í di ọjọ́ kejì.

Kí ẹ sì dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń po omi mọ́ ọ̀dà. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára garawa. Akunlé tó bá gba iṣẹ́ ní owó pọ́ọ́kú, omi ni yóò fi mú ọ̀dà tó.

Ọlọ́dàMushin:

Kókó ni ìyẹn. Bí ẹ óò ṣe mọ iye garawa nìyí, kí ẹnikẹ́ni má fi yín ṣeré. Ẹ wọn ilé yíká, kí ẹ fi gíga rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní ó jẹ́ mítà 48 yíká, tí ó ga ní mítà 6, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 288. Ẹ yọ fèrèsé àti ìlẹ̀kùn kúrò, ká ní 40, ó ku 248. Ìpele méjì ni, nítorí náà ó di 496. Lórí pílásítà tó tẹ́jú, lítà kan lè kun bíi mítà onígun mẹ́rin mẹ́jọ. Ẹ ó nílò lítà 62. Garawa 20 lítà mẹ́rin ni kí ẹ rà, èyí tó bá ṣẹ́kù á wúlò. Bí ojú ògiri bá rí ṣákaṣàka, á gbà tó ìdajì mọ́ ọn.

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí nọ́ńbà tó wà lára ìdérí wọn bára mu. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ẹ da wọ́n pọ̀ sínú ike ńlá kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọ̀ má yí pádà láàárín ògiri. Lítà díẹ̀ tó bá kù, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn kì í dé, kí ẹ kọ orúkọ àwọ̀ náà àti apá ilé tí ẹ fi kùn sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, tí ẹ bá ní ibì kan láti tún ṣe, kò sí ọlọ́dà tó lè po irú rẹ̀ fún yín bí kò bá ní nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́.